Ta ló ń ka Bíbélì tó sì ń yé e: onígbàgbọ́ ni, àbí ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà?

Olùkọ́ Tákìẹ́ béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, mo sì bẹ̀ yín kí ẹnikẹ́ni má fi ìbínú dá sí i.

Èmi ni mo ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi kan níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi wọ́n léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Bíbélì: "Ran ara rẹ lọ́wọ́, kí Ọlọ́run lè ràn ọ́ lọ́wọ́." Àwọn kan ní ìwé Òwe ni, àwọn kan ní Jákọ́bù ni, bàbá kan tó ti di díákónì kí wọ́n tó bí mi sì fọwọ́ sọ̀yà pé Jésù fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Kò sí níbì kankan nínú ìwé 66 tó wà nínú Bíbélì. Bákan náà ni gbogbo wọn gbà pé Bíbélì sọ pé owó ni gbòǹgbò ohun búburú gbogbo, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú Tímótì Kìn-ín-ní 6:10 ni pé ìfẹ́ owó ni.

Nígbà tí mo délé, mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kàwé ní LAUTECH ní ìbéèrè kan náà. Ọmọ yìí ti sọ fún gbogbo ẹbí pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà, ṣùgbọ́n ó dáhùn kí n tó dákẹ́. Ó tún fi kún un pé Mátíù kò sọ iye amòye tó wá kí Jésù, pé ẹ̀bùn mẹ́ta ló dárúkọ, àti pé inú ilé ni wọ́n ti bá ọmọ náà, kì í ṣe ní ibùjẹ ẹran bí a ti máa ń ṣe é nínú eré Kérésìmesì. Mo ṣí orí 2, ẹsẹ 11 wò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé òótọ́ ni ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń sọ, pé àwọn tí kò gbàgbọ́ ló ń ka Bíbélì, àti pé ńṣe ni àwa ń gbé e lọ gbé e bọ̀? Bí wọ́n bá sì ń kà á lóòótọ́, ṣé ó ń yé wọn? Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí pé èmi ni mo ń kọ́ àwọn ènìyàn.

Bàbá Òkè-Àdó fèsì pé:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àlùfáà, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Onítẹ̀bọmi tó wà nílùú wa yìí, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1898, ni mo sì ti kẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ, ojú mi ló ṣe.

Onígbàgbọ́ láàárín wa ń gbọ́ Bíbélì ju bí ó ti ń kà á lọ. Ó ń gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìgbéyàwó, níbi ìsìnkú, nínú ìpàdé àdúrà, àní nínú mọ́tò Ìbàdàn pàápàá kí awakọ̀ tó kúrò ní gáréèjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ tẹ́tí, ẹsẹ kan náà ni à ń tún gbọ́. Orí 1,189 ló wà nínú ìwé yìí, díẹ̀ kíún sì ni èyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń fi ẹsẹ̀ kàn láti January títí dé December. Mo mọ àwọn ènìyàn tó jẹ́ olóòótọ́ tọkàntọkàn nínú ìgbàgbọ́, tí wọn kò tíì ka ìwé Máàkù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí, bẹ́ẹ̀ orí 16 péré ni, kò gba ọ̀sán kan tán.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ kan yẹ̀ wò dáadáa. Gbogbo wa la mọ Jeremáyà 29:11, níbi tí Olúwa ti sọ pé òun mọ èrò tí òun ń rò sí wọn, èrò àlàáfíà. Ó wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó wà lára kàlẹ́ńdà, ó sì wà lórí ìwé ìkésíni. Lẹ́tà ni orí náà. Jeremáyà kọ ọ́ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí Nebukadinésárì ti kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì, ìdí tó sì fi kọ ọ́ ni pé àwọn wòlíì kan ń fi ọkàn wọn balẹ̀ pé kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi padà sílé. Nínú orí 28 tó ṣáájú rẹ̀, Hananáyà dìídì sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé ọdún méjì péré ni. Ohun tí Jeremáyà wá kọ sí wọn ni pé kí wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, kí wọ́n dá oko, kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n fọmọ fọ́kọ, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tó kó wọn lẹ́rú, nítorí pé ó di ìgbà tí 70 ọdún bá pé. Ẹsẹ 10 ni 70 ọdún yẹn wà, ó fara kan ẹsẹ 11 tí à ń kọ sára ògiri. Ẹni tó ti pé 40 ọdún nígbà tí wọ́n ka lẹ́tà náà sí i létí ti mọ̀ pé Bábílónì ni wọn yóò sin òun sí. Ìlérí yẹn fún àwọn ènìyàn lágbára láti gbé ilẹ̀ àjèjì láìsọ ìrètí nù, kí wọ́n sì tọ́ ọmọ tí yóò rí ohun tí àwọn fúnra wọn kò ní rí. Àwa sì ń fi í gbàdúrà kí físà jáde kí oṣù tó parí. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi gbàdúrà o. Ohun tó ń dùn mí ni pé ohun tó ṣeyebíye jù nínú rẹ̀ ni ẹni tó mú ẹsẹ kan ṣoṣo jáde kò rí.

Fílípì 4:13 náà ń kọ́? "Èmi lè ṣe ohun gbogbo." Ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa bí a ti ń yó àti bí a ti ń fi ebi pa mọ́ra, inú ìdè sì ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó ń kọ ọ́.

N kò bá ẹni tó ń ka Sáàmù 35 tàbí 109 sórí omi lóru jà. Àwọn baba wa nínú ìjọ Aládùúrà mọ Sáàmù lórí débi tí ọ̀pọ̀ àwa tí a lọ sílé-ẹ̀kọ́ àlùfáà kò mọ̀ ọ́n dé. Àmọ́ lílo ọ̀rọ̀ fún àdúrà àti kíkà á kí ó lè yéni jẹ́ iṣẹ́ méjì, èkejì ni a ti fi sílẹ̀. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8, ìwẹ̀fà ará Etiópíà ń ka Aísáyà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, Fílípì sì bi í bóyá ohun tó ń kà yé e. Kò bínú. Ó béèrè bí yóò ṣe yé òun láìsí ẹni tí yóò tọ́ òun sọ́nà, ó sì ní kí Fílípì gòkè wá jókòó ti òun. Olùkọ́, bí ẹ bá bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ lónìí, wọ́n á ní ẹ ń tàbùkù sí wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G fèsì pé:

Mo kí Bàbá wa, mo kí Olùkọ́. Èmi náà wà lára àwọn tí kò gbà pé Ọlọ́run wà, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Inú ìjọ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Mo ka àkọ́sórí, mo kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí ka Bíbélì láti Jẹ́nẹ́sísì láìfo ojú ìwé kankan, mo rí àwọn nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí. Sámúẹ́lì Kejì 24:1 sọ pé Olúwa ló ti Dáfídì láti ka àwọn ènìyàn; Kíróníkà Kìn-ín-ní 21:1 sọ pé Sátánì ni. Mátíù 27:5 sọ pé Júdásì pokùnso; Ìṣe 1:18 sọ pé ó ṣubú, ikùn rẹ̀ sì bẹ́. Àwọn wọ̀nyẹn kò dà mí láàmú tó Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní 15:3, níbi tí wọ́n ti pàṣẹ fún Sọ́ọ̀lù pé kí ó pa àwọn ará Ámálékì, ọkùnrin àti obìnrin, ọmọ kékeré àti ọmọ ọmú. Mo kà á, mo tún un kà. Mo lọ bi àwọn tó jù mí lọ nínú ìjọ, wọ́n sì gbàdúrà fún mi kí ẹ̀mí iyèméjì lè fi mí sílẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ṣí ibẹ̀ kà pẹ̀lú mi.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ní ẹni tí kò gbàgbọ́ kò ka Bíbélì, ó ń dùn mí, nítorí pé kíkà ni mo kà kí n tó kúrò. Tai Solarin, tó dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, tí kò sì fi àìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ olùkọ́. Kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ìjọ jẹ́ àjèjì sí. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà pàápàá fi hàn pé àwa la mọ̀ ọ́n jù.

Àlàkẹ́ Ìjẹ̀rù fèsì pé:

Àbúrò mi Akẹ́kọ̀ọ́, o ṣeun tí o sọ tẹnu rẹ láìbú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ ìwádìí yẹn ṣe, nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí ìdajì rẹ̀ tí wọ́n á sì fi ìdajì sílẹ̀. Pew Research Center, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é ní 2010. Wọ́n bi ènìyàn 3,412 ní ìbéèrè 32 nípa oríṣiríṣi ẹ̀sìn ayé. Àwọn tí kò gbà pé Ọlọ́run wà àti àwọn tó ní àwọn kò lè mọ̀ bóyá ó wà ló gba máàkì tó ga jù lóòótọ́, ìpíndọ́gba tiwọn jẹ́ 20.9, nígbà tí ti gbogbo ènìyàn jẹ́ 16. Àmọ́ 12 péré nínú àwọn ìbéèrè náà ló dá lórí Bíbélì àti ẹ̀sìn Kristẹni, níbẹ̀ sì ni àwọn Mọ́mọ́nì, ìjọ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti ṣíwájú pẹ̀lú 7.9, tí àwọn Kristẹni aláwọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní "evangelical" tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú 7.3, tí àwọn ènìyàn rẹ sì gba 6.7. Tí a bá ka gbogbo ènìyàn pọ̀, 6.0 ni. Ohun tó yẹ kí ó dun gbogbo wa ni pé 45 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló lè dárúkọ ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní orílẹ̀-èdè tí Bíbélì pọ̀ nílé bí iyọ̀.

Ẹ̀kọ́ Bíbélì ni mò ń kọ́ ní ilé-ìwé girama, mo sì mọ̀ pé máàkì àti òye lè jìnnà síra wọn gan-an. Orí tí a yàn, ẹsẹ tí a yàn, ni ìlànà ìdánwò àṣejáde ń béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ mi lè gba A láìtíì ka ìwé kan ṣoṣo tán nínú Bíbélì. Ó mọ àṣìṣe Sọ́ọ̀lù lọ́nà mẹ́ta, ó mọ ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ lọ́nà mẹ́rin, ṣùgbọ́n bí o bá ní kí ó sọ ìtàn Sọ́ọ̀lù fún ọ bí ìtàn, á dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ òye yìí náà ni mo fẹ́ bá àwọn tí kò gbàgbọ́ sọ. Lúùkù 19:27 wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn, níbi tí wọ́n ti ní kí a mú àwọn ọ̀tá wá, kí a sì pa wọ́n níwájú òun. Wọ́n á ní Jésù ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 11 yóò rí i pé àkàwé ni, ọba inú àkàwé náà ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n tún máa ń mú Jẹ́fítà wá, ẹni tó fi ọmọbìnrin rẹ̀ rúbọ nínú Àwọn Onídàájọ́ 11, bí ẹni pé ìwé náà gbóríyìn fún un. Ìwé Àwọn Onídàájọ́ ń sọ bí ilẹ̀ náà ṣe ń bàjẹ́ sí i láti orí dé orí ni, títí a fi dé orí 19 tó burú ju gbogbo wọn lọ, gbólóhùn tó sì fi parí ni pé ní ọjọ́ wọ̀nyẹn kò sí ọba, olúkúlùkù ń ṣe ohun tó tọ́ lójú ara rẹ̀. Òǹkọ̀wé náà ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tó ń wá ibi tí yóò gbá mú nìkan kò lè gbọ́ ohùn ọ̀fọ̀ yẹn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá ìbùkún nìkan kò ṣe lè gbọ́ 70 ọdún Jeremáyà.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n yan ẹni tí yóò jókòó nínú kíláàsì mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà bí nínú ni n ó yàn ṣáájú ẹni tó ń ṣe àmín kí n tó kà á tán. Ẹni tínú ń bí ti gbà pé ìwé náà sọ nǹkan kan.

Ọmọ Ìyá Elélùbọ́ fèsì pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ ti sọ ti àwọn tó mọ̀wé tán. Ìyá mi kò mọ̀ ọ́n kà, kò sì mọ̀ ọ́n kọ. Bíbélì Yorùbá tí wọ́n kà sínú fóònù ni wọ́n máa ń gbọ́ bí wọ́n bá ń jọ èlùbọ́. Ìwé náà ni wọ́n ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọn kò mọ bí a ṣe ń fo orí.

Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí, wọ́n ní ta ni Rísípà. N kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá sọ ọ́ fún mi pé Dáfídì fi ọmọkùnrin méjèèje ilé Sọ́ọ̀lù lé àwọn ará Gíbíónì lọ́wọ́, wọ́n sì so wọ́n kọ́ sórí òkè. Méjì nínú wọn jẹ́ ọmọ Rísípà. Obìnrin náà tẹ́ aṣọ ọ̀fọ̀ sórí àpáta láti ìbẹ̀rẹ̀ ìkórè títí òjò fi rọ̀, kò sì jẹ́ kí ẹyẹ bà lé wọn lọ́sàn-án tàbí kí ẹranko dé ọ̀dọ̀ wọn lóru. Ìyá mi béèrè pé kí ló dé tí wọn kò fi wàásù rẹ̀ rí lọ́jọ́ àwọn ìyá. Wọ́n ní ṣé n kò rí i pé ìgbà tí Dáfídì gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn ṣe ló tó rántí lọ kó egungun Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì wá sin dáadáa, àti pé obìnrin tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan ló kọ́ ọba ní ohun tó yẹ. Mo lọ kà á nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 21. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló wà níbẹ̀.

Àlàájì Ìsàlẹ̀-Ora fèsì pé:

Mùsùlùmí ni mí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè. Ọ̀pọ̀ nínú àwa náà ló mọ Kùránì ké láìmọ ìtumọ̀ ohun tí a ń ké, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín kò ṣàjèjì sí mi. Ohun kan tí mo rí ni pé kò sí ẹni tó ń lọ bi aáfà léèrè nínú wa àfi tí ìṣòro bá dé. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n Àlàkẹ́, mo gba ti Lúùkù 19, mo sì gba ti iye máàkì. Ṣùgbọ́n Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní 15 kì í ṣe àkàwé, òǹkọ̀wé rẹ̀ kò sì ṣọ̀fọ̀. Bàbá wa, ẹ̀yin lẹ kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kí ni ẹ rí níbẹ̀?

Bàbá Òkè-Àdó fèsì pé:

Ọmọ mi, ìbéèrè gidi nìyẹn, n kò sì ní fi àdúrà lé ọ sẹ́yìn.

Orí 15:8 sọ pé Sọ́ọ̀lù fi idà pa gbogbo àwọn ènìyàn náà run pátápátá. Ṣùgbọ́n ní orí 27, Dáfídì ń kọ lu àwọn ará Ámálékì. Ní orí 30, wọ́n wá sun Síkílágì, wọ́n sì kó àwọn obìnrin ibẹ̀ lọ. Nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 1, ẹni tó wá sọ fún Dáfídì pé òun ni òun pa Sọ́ọ̀lù, ó ní ará Ámálékì ni òun. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ kan fi sọ pé èdè ogun ayé ìgbà náà ni "pátápátá" yìí. Ọba Móábù tó ń jẹ́ Méṣà gbẹ́ irú rẹ̀ sára òkúta ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án ṣáájú Krístì, ó ní Ísírẹ́lì ti parun títí láé. Ọdún 1868 ni wọ́n rí òkúta náà, Ísírẹ́lì kò sì parun.

Ìyẹn ràn wá lọ́wọ́ lórí ẹsẹ 8. Kò pa ẹsẹ 3 rẹ́. Àṣẹ ni ẹsẹ 3, ọmọ ọmú sì wà nínú rẹ̀. Àwọn kan láàárín àwa onígbàgbọ́ ní ìdájọ́ Ọlọ́run ni nítorí ohun tí Ámálékì ṣe sí àwọn aláàárẹ̀ lójú ọ̀nà, bí ó ti wà nínú Diutarónómì 25. Àwọn mìíràn ní bí Sámúẹ́lì ṣe gbọ́ ọ ni, pé a gbọ́dọ̀ fi ẹnu Jésù tú u wò. Èmi tẹ̀ sí ti èkejì, n kò sì lè fi dá ọ lójú. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé orí náà kò dà á láàmú rí, kò tíì kà á.

Ṣùgbọ́n n kò gbà pé a lè bẹ̀rẹ̀ láti orí 15. Orí 8 ni àwọn ènìyàn ti béèrè fún ọba, tí Sámúẹ́lì sì ka ohun tí ọba yóò gbà lọ́wọ́ wọn sí wọn létí. Gbogbo ọ̀rọ̀ Sọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá. Ilé mi ṣí sílẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Olùkọ́, ẹ bá mi mú ọmọ ẹ̀gbọ́n yín dání. Àlàkẹ́, bí àyè bá gbà ọ́, máa bọ̀. Kí olúkúlùkù ti ka orí 8 dé 15 kó tó dé, torí pé kíkà náà la ó jíròrò lé lórí, a kò ní wàásù.